Ẹni Tó Ń Kó Ọ̀rá Ilẹ̀ Wa Lọ

Tòlótòló kan kú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé nǹkan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dá a sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n rí i láàárín ebè tòmátì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sì ṣàìsàn. Ìrọ̀lẹ́ àná ló ṣì ń lé àlejò kiri àgbàlá. Obìnrin tó ni ín káwọ́ lérí, ó figbe ta, àdúgbò sì sáré dé bí ẹni pé èèyàn ló kú.

Ìyàwó káfíńtà ni obìnrin náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń da ilé rú mọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn dá ìgbálẹ̀ òun dúró. Ó ń gbálẹ̀ ní ìdájí, ó ń gbálẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí àlejò bá dìde lórí àga, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti nu ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Ìyá Fínnífínní ni àdúgbò ń pè é. Ó fẹ́ràn orúkọ náà gan-an, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti pè é tán.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọkọ rẹ̀ fi igi tó dáa yí i ká, ó kan ilẹ̀kùn kékeré sí i, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ọgbà yẹn àfi oúnjẹ. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbin tòmátì, ata, ilá àti kábéèjì síbẹ̀. Tòmátì á yọ, á ga tó ìka ọwọ́, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì kú. Ilá á so ẹyọ kan tó le bí èékánná. Kábéèjì ò tilẹ̀ ká rárá. Kòkòrò á ti jẹ ẹ́ ní ihò-ihò kó tó mọ̀ pé kábéèjì lòun.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò tọ́jú ọgbà náà o. Ká ní wọn ò tọ́jú rẹ̀ ni, bóyá ì bá ti so. Ìyá Fínnífínní ń gbá inú rẹ̀ láràárọ̀ láti ebè dé ebè, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń dán bíi sìmẹ́ńtì pálọ̀. Ewé kan ò gbọdọ̀ já síbẹ̀ kó sùn síbẹ̀. Nígbà tí kòkòrò pọ̀, ó bu omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, ó fi wẹ ewé kábéèjì. Nígbà tí ìyẹn ò ran kòkòrò, ó bu oògùn aáyán, ó wọ́n ọn sórí ebè bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, tata sì ń kú lọ bẹẹrẹ. Àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí ọgbà tó mọ́ tó báyìí rí. Wọn ò parọ́.

Lẹ́yìn ọgbà yìí, yàrá kan wà tí káfíńtà ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Kékeré ń gbé. Àbúrò ìyá káfíńtà ni. Nígbà tí ìyá káfíńtà kú, ọmọ ọdún mẹ́rin ni káfíńtà. Obìnrin yìí ló gbé e, ó tọ́ ọ, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́, kò sì bí ọmọ tirẹ̀ mọ́. Ìyá Kékeré ni ọmọ náà ń pè é, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí gbogbo orí rẹ̀ fi funfun. Ó fi ọgbọ̀n ọdún fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó wá bá ọmọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí yàrá pákó yẹn, kò ní ibòmíì tó lè pè ní tirẹ̀ láyé yìí.

Láàárín yàrá rẹ̀ àti gọ́tà, ilẹ̀ kan wà tí kò ju ẹní méjì lọ. Ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Ìyá Kékeré gbin tòmátì mẹ́rin àti ata díẹ̀ síbẹ̀, tòmátì náà sì so débi pé ó ní láti fi igi ti ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nìyẹn.

Lórí òkú tòlótòló ni Télọ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Télọ̀ ni obìnrin tó ń ránṣọ nílé kejì. Ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ: aṣọ oníbàárà lè pẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wo òkú ẹyẹ, ó wo yàrá Ìyá Kékeré, ó ní òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹni tó bá ti ní òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń ṣe.

Ó ní tòlótòló tó jẹun yó lálẹ́ kì í ṣàdédé kú. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa, ẹyẹ kan kì í bà sínú ọgbà Ìyá Fínnífínní. Wọ́n á fò kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á lọ tò sórí tòmátì ìyá àgbàlagbà yẹn ní kùtù, bí ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé. Ó ní ilẹ̀ ò lè ṣá níbí kó lọ́ràá lọ́hùn-ún, nígbà tí kò sí ju ìṣísẹ̀ ogún láàárín wọn, àfi tí ọwọ́ kan bá wà níbẹ̀.

"Ẹnìkan ń kó ọ̀rá ilẹ̀ yín lọ," ló wí, "ẹni náà ò sì jìnnà."

Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí tòlótòló jẹ. Èèyàn bí ogún ló dúró yí òkú ká, wọ́n ń mi orí, tata tó ti kú wà lábẹ́ bàtà wọn, oògùn aáyán funfun lára rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa àjẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Fínnífínní gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló pa tòlótòló òun. Káfíńtà ní kó jẹ́ kí àwọn fi sùúrù ṣe é. Ohun tí ọkùnrin yìí máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn. Wọ́n jí pákó rẹ̀ kó, ó ní ká fi sùúrù ṣe é. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn, ó ní ká fi sùúrù ṣe é, káfíńtà o. Àwọn kan ń pè é ní èèyàn jẹ́jẹ́. Èmi ò mọ ohun tó jẹ́ jẹ́jẹ́ lára ẹni tí kì í dá sí nǹkan títí nǹkan náà á fi bàjẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ó gbà pé ìyá náà ò lè ṣe é ni, tàbí ó gbà pé ó lè ṣe é. Káfíńtà bu oúnjẹ kún ẹnu, nítorí ẹnu tó kún kì í dáhùn. Ìbéèrè náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kó àwo.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Fínnífínní ti ń dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná ní ìdájí, kó tó mú ìgbálẹ̀. Ohun tó rí ò ṣeé rò fún ẹlòmíì láìgbọ̀n. Ìyá Kékeré tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ewé, ó ń ṣa nǹkan kan, ó ń jù ú sínú agolo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà wọlé pẹ̀lú ike tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n da ohun tó wà nínú ike sí i, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin tó gbé ike wá gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde, Ìyá Kékeré sì padà sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Mo lè fi Ìyá Fínnífínní ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Kò rí oorun sùn mọ́, ó ń rù, ó ń dìde lóru láti tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń ronú àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà níléèwé, pé ẹni tó pa tòlótòló lè pa ju tòlótòló lọ. Òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó gbàgbọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan ó gbójú, ó pàdé Ìyá Kékeré nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì bi í léèrè. Ìyá Kékeré sọ òótọ́ fún un gbangba. Ó ní kòkòrò lòun ń ṣà, òkùnkùn ni wọ́n fi ń jáde wá jẹ ewé. Ó ní Ìyá Alásè, ọ̀rẹ́ òun tó ń dáná fún ilé ìwé òpópónà, ló máa ń bá òun gbé èèpo ẹ̀fọ́ àti èèpo ẹyin wá kó tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn sì ń rì í mọ́lẹ̀ kó jẹrà, kó fún ilẹ̀ lágbára. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú, ó rí i pé ó rù, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó wá fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Ìyàwó mi, o ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n má kó gbogbo rẹ̀ fún mi mọ́. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ."

Ìyá Fínnífínní sá kúrò nídìí ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ gbé korobá rẹ̀. Ilé Télọ̀ ló sá lọ. Ó ní ìyá náà ti jẹ́wọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun, ó tún ń dúpẹ́. Télọ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní ti èèpo ẹyin tó wí ńkọ́, àjẹ́ wo ló máa sọ pé èèyàn ló wà nínú ike? Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó ń ríran.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ kejì. Aláago-Méjì ni wọ́n ń pè é, nítorí aago méjì ló dè mọ́ ọwọ́ kan. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, ó ní ti ayé ni. Èyí tó ti dúró, ó ní ti ayé àìrí ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé rédíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, kò sí rédíò tó dé ọwọ́ rẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àga tó dáa jù ní pálọ̀, ó di ojú, ó sì ń mí sókè sódò títí oúnjẹ fi délẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, ìran dé.

Ó yọ agolo ìyẹ̀fun funfun kan jáde. Télọ̀ ní òórùn rẹ̀ jọ ti àtíkè ọmọ. Aríran ní àwọn ará ayé àìrí fẹ́ràn òórùn dídùn. Ó ní kí wọ́n wọ́n ọn sórí gbogbo ebè ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má sọ fún ìyá náà, kí wọ́n sì pe àdúgbò jọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Ó wá na ìka sókè, kó lè dà bí ọ̀rọ̀ ńlá.

"Ibi tí ẹ bá ti rí funfun yìí, ibẹ̀ ni ọ̀rá ilẹ̀ yín ń lọ. Ẹni tí ẹ bá sì bá funfun lára rẹ̀, òun ló ń kó o."

Ìyá Fínnífínní yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá bá funfun lẹ́yìn yàrá yẹn, ìyá náà ò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yìí mọ́ lọ́jọ́ náà. Tó bá sùn ún, òun lòun máa kó ẹrù òun. Káfíńtà fi ọwọ́ pa orí, ó wo ilẹ̀, ó mi orí pé òun gbọ́. Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ń gbé ní ìṣísẹ̀ ogún sí i, ó ń ṣa kòkòrò lára tòmátì, kò mọ̀ pé wọ́n ti fi ilé òun ta tẹ́tẹ́ lórí agolo àtíkè.

Bí wọ́n ṣe wí ni wọ́n ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Ìyá Fínnífínní wọ́n ìyẹ̀fun sórí ebè. Ní ìdájí, ó jí, ó ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere, ó lọ wo ebè. Funfun ti lọ. Ó wọ́n òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, funfun ti lọ. Ìrọ̀lẹ́ kẹta bákan náà. Ó sọ fún Télọ̀, Télọ̀ sọ fún àdúgbò, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé àwọn gbọ́ ìró ìyẹ́ láàárín òru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo èèyàn pé. Aláago-Méjì ló ṣáájú, ó gbé ẹsẹ̀ gùn-ún gùn-ún gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ó yà sẹ́yìn yàrá Ìyá Kékeré. Funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà nídìí tòmátì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wà nídìí ata, ó tò lọ títí dé ẹnu gọ́tà. Télọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní ṣé òun ò wí. Àwọn tó ti ń jẹ tòmátì Ìyá Kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún tó kọjá ló kọ́kọ́ tutọ́ sílẹ̀.

Ìyá Fínnífínní ò pariwo. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀. Káfíńtà wọ inú yàrá lọ. Ìyá Kékeré jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi òróró pa orúnkún, ó sì kí i káàárọ̀. Káfíńtà ní kó jọ̀ọ́, kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó kó aṣọ tó wà lórí okùn sí i, ó gbé e lé èjìká, ó sì gba àárín èèyàn kọjá lọ sẹ́nu géètì. Ìyá Kékeré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, ó ń bi í pé níbo ló ń gbé ẹrù òun lọ. Ó rọra gbé àpótí náà kalẹ̀ síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń gbé ilẹ̀kùn oníbàárà kalẹ̀ kó má baà ha.

Télọ̀ ló ṣàlàyé fún ìyá náà, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó sọ ti tòlótòló, ó sọ ti ẹyẹ, ti ike, ti agolo ìyẹ̀fun. Ìyá Kékeré gbọ́ ọ títí. Ó padà sẹ́yìn yàrá rẹ̀, ó wo funfun nídìí tòmátì, ó sì ní kí aríran jọ̀ọ́, kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ kí òun náà gbọ́ ọ. Aláago-Méjì tún un sọ, tìkatìka.

"Ẹ wo ọwọ́ mi," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹ wo aṣọ mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Wọ́n wò ó. Erùpẹ̀ dúdú ló wà léèékánná rẹ̀. Funfun kan ò sí lára rẹ̀ àfi orí.

Ìyá Alásè ti dé lásìkò yìí. Wọ́n ti sọ fún un ní òpópónà pé wọ́n ń lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ló bá fi iná ilé ìwé sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Obìnrin títóbi ni, kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì bẹ̀rù àwọn tó ní aago méjì. Ó ní kí ni wọ́n ń wá funfun fún, ṣé èyí tí ìyàwó yìí ń dà síbẹ̀ láràárọ̀ ni? Ó ní òun ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí bí òun ṣe ń jáde lọ. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé ìgbálẹ̀ àti ìkólẹ̀ Ìyá Fínnífínní wá, ó sì jù wọ́n sílẹ̀ láàárín wọn.

Abọ́ onírin ni ìkólẹ̀ náà. Funfun kún igun rẹ̀. Ẹnu ìgbálẹ̀ funfun bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó, òórùn àtíkè sì ń jáde lára rẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn kúrò nílẹ̀, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ dé etí ìró Ìyá Fínnífínní. Funfun wà níbẹ̀. Ó wà lára bàtà rẹ̀. Ó wà lábẹ́ èékánná tó ń fọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́.

Kò sí ẹni tó ní kó má gbálẹ̀. Aríran ò sọ ọ́, òun náà ò rò ó. Ẹni tó bá ti ń ṣe nǹkan láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ìdájí, nígbà tí ojú ò tíì ríran tán, ó ń gbá ewé jíjẹrà, ó ń gbá erùpẹ̀ tó rọ̀, gbogbo ohun tí ebè ì bá fi so ló ń gbá sínú ìkólẹ̀, ó sì ń lọ dà á sẹ́yìn yàrá Ìyá Kékeré, nítorí ibẹ̀ ni ààtàn. Ẹnìkan ń kó ọ̀rá ilẹ̀ wọn lọ lóòótọ́. Ohun tó kù nínú ọgbà, èèyàn lè fi kọ́lé.

"Mo rò pé o mọ̀ ni," ni Ìyá Kékeré sọ fún un. "Mo rò pé ò ń ṣe mí lóore ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbàdúrà fún ọ lórí rẹ̀."

Aláago-Méjì wo aago tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní àjẹ́ náà ti rí àwọn, ó ti sá wọ inú ìgbálẹ̀, kí wọ́n sun ún. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ti fura sí ìgbálẹ̀ yẹn tipẹ́. Ìyá Alásè bi aríran pé ṣé ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ni, àbí kí òun bá a gbé e. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, olúkúlùkù ń rántí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó sọ pé má bínú.

Ìyá Fínnífínní jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ẹni tí kì í jókòó sórí àga tí kò kọ́kọ́ nù, ó jókòó sínú erùpẹ̀ ààtàn. Ó ní tòlótòló náà ńkọ́. Ìyá Kékeré bi í bóyá ó wọ́n nǹkan sọ́gbà kó tó kú. Ó rántí oògùn aáyán, ó rántí tata tí ẹyẹ náà ń ṣa jẹ, ó sì fi ìró bojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó kúnlẹ̀.

Ìyá Kékeré bi í pé ṣé lóòótọ́ ló gbà pé àjẹ́ lòun.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ̀rù yín bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá Kékeré ní kó dìde. Ó ní ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun náà á sá fún ohun tó bá ba òun lẹ́rù. Ó wá yíjú sí káfíńtà, tó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Ara káfíńtà yá gágá. Ó rò pé ọ̀nà àbáyọ ló ṣí yẹn. Ó ní òun ò gbà á gbọ́ rí, kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó fi Ọlọ́run jẹ́rìí. Ó ní ta ló mọ ìyá òun ju òun lọ, ẹni tó gbé òun pọ̀n, ẹni tó ń fi ebi sùn kí òun lè yó. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé irọ́ ni.

"O mọ̀ pé irọ́ ni," ni Ìyá Kékeré wí.

"Mo mọ̀, Mà."

"O sì gbé àpótí mi síta."

Káfíńtà la ẹnu. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni kí àlàáfíà wà nílé. Ó ní òun rò pé kí wọ́n fi sùúrù ṣe é, bó bá yá òun á wá ìyá òun lọ. Ó ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, nítorí ìyá náà kàn ń wò ó, bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíì.

Ó wọ yàrá lọ, ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyá Alásè ní ibùsùn kan péré ló wà nílé òun, àmọ́ ó fẹ̀, àwọn á jọ máa sùn ún. Káfíńtà sáré lọ di etí àpótí mú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á gbé e padà sínú yàrá nísinsìnyí. Ìyá Kékeré ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó wo Ìyá Fínnífínní.

"Ìyàwó, bá mi di etí kejì mú. Ìwọ, mo lè bá ọ gbé ẹrù."

Àwọn obìnrin mẹ́ta náà gba òpópónà lọ, méjì gbé àpótí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń tiro. Káfíńtà tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí ilé ìwé, kò sì mọ ohun tó tún lè ṣe, ó padà wálé. Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn títí oòrùn fi yí.

Ìyàwó rẹ̀ dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, erùpẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n dànù. Káfíńtà dìde, ó bi í pé kí ni Ìyá Kékeré wí. Ó ní ìyá náà ní kí òun máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ìyá lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ tó ṣá ṣe. Ó ní àwọn jọ jẹun. Ó ní wọ́n ní kí òun bá wọn kí àwọn ọmọ.

"Èmi ńkọ́?" ni káfíńtà bi í. "Kí ni wọ́n ní kí o sọ fún mi?"

Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti rántí, torí pé kò fẹ́ fi nǹkan kan pa mọ́ fún un.

"Wọn ò dárúkọ yín," ló wí.